Kọ́nẹ́ẹ̀lì Tó Fi Nọ́ọ̀tì Jẹ Oyè

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti rí nọ́ọ̀tì rí, ìbáà ṣe ti kẹ̀kẹ́ ọmọ yín tàbí ti ẹ̀rọ ìlọta, ẹ ó gbà fún mi pé kò sí ohun tí ènìyàn lè máa fi yangàn lára rẹ̀. Irin kékeré ni, ó ní igun mẹ́fà, wọ́n á dè é, ó ti parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ènìyàn ṣe rò ní ibùdó àtúnṣe ọkọ̀ ológun kan tó wà lẹ́yìn àdúgbò Challenge, títí di ọjọ́ tí wọ́n gbé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ikúbọlájẹ́ Adésànyà wá ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni nọ́ọ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ipò, tí àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù tiwọn.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ayé rẹ̀ jẹ́ ni Sájẹ́ńtì Sẹ̀gilọlá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, opó, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun kan ní Agbówó. Bí ó bá bọ́ aṣọ iṣẹ́ tó kún fún gírísì sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, sùtánà tó máa ń wọ̀ á funfun débi pé àwọn ìyá ìjọ máa ń bi í léèrè ọṣẹ tó ń lò. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ó lé oṣù márùn-ún nídìí ọkọ̀ àwọn ológun. Oṣù méje péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, kó kúrò ní bárékè, kó kó lọ sí ilé yàrá méjì tó kọ́ sí Àpáta. Oṣù méje yìí ló ń kà bí aboyún ṣe ń ka ọjọ́.

Kí Kọ́nẹ́ẹ̀lì tó dé, ètò iṣẹ́ ibùdó náà yé tàgbà tèwe. Ìpele mẹ́rin ni àtúnṣe pín sí. Ìpele kìíní, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló ni ín: kó bu omi, kó wo ọ́ìlì, kó fẹ́ táyà, kó de ohun tó bá tú. Ìpele kejì, àwọn mẹkáníìkì abẹ́ páànù, níbi tí Sẹ̀gilọlá ti jẹ́ ọ̀gá: bíréèkì, wáyà, pọ́ọ̀ǹpù. Ìpele kẹta, ilé ńlá tó ní ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè. Ìpele kẹrin, olú ilé-iṣẹ́ lókè Ọya lọ́hùn-ún, fún ohun tí apá ará ibí kò bá ká. Bí iṣẹ́ bá ṣe le sí ni wọ́n ṣe ń gbé e gòkè. Ẹnikẹ́ni kì í bèèrè irú ènìyàn tó ni ọkọ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adésànyà ní tirẹ̀ kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Àga títò ló fi gorí oyè. Ogún ọdún ló fi ń to àga níbi àpèjẹ àwọn ọ̀gágun: ta ni yóò jókòó lápá ọ̀tún, àga ta ni yóò ní ìrọ̀rí, ta ni wọn ó kọ́kọ́ gbé omi fún. Kí á má parọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n ní ó lè wo ènìyàn méjì láti ẹ̀yìn, kó sọ èyí tí ipò rẹ̀ ga jù, kó sì sọ iye ọdún tó fi jù ú lọ. Ẹni tó wá rò ó pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó máa darí àwọn mẹkáníìkì, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó jẹ lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ tó dé, ó bá Kọ́pùrà Ọmọ́níyì, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀, lórí ìkúnlẹ̀ nídìí jíìpù tí wọ́n yàn fún un. Ọmọ́níyì ń fẹ́ táyà, ó sì ń jẹ ẹ̀pà.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Táyà ló rọ̀, Sà."

"Ta ni yóò máa jókòó lókè táyà yẹn?"

Ọmọ́níyì wo táyà, ó wo òkè. "Ẹ̀yin ni, Sà."

"Kí ni ipò mi?"

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì, Sà."

"Kí ni ipò tìrẹ?"

"Kọ́pùrà, Sà."

"Kọ́pùrà wá ń kó atẹ́gùn sábẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì," ni Adésànyà wí, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. "Tòun ti ẹ̀pà lẹ́nu."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi ti ara rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó jáde, ìwé ló gbé jáde. Àwọn atẹ̀wé Agbówó ló bá a tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, lẹ́tà rẹ̀ dà bí wúrà, àwòrán Kọ́nẹ́ẹ̀lì sì wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan kí mẹkáníìkì má bàa ṣí ewé láì kí ọ̀gá. Ìwé Ìpele ni wọ́n pè é. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igba ojú ewé ni wọ́n fi sọ ọ́: kì í ṣe bí iṣẹ́ bá ṣe le tó ni wọn ó fi mọ ìpele rẹ̀ mọ́, ipò ẹni tó ń jókòó nínú ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì bá gùn, ìpele kẹrin ni gbogbo ara rẹ̀, láti ẹ́ńjìnnì dé ibi tó ń tẹsẹ̀ sí. Ọkọ̀ àwọn ọ̀gá kéékèèké, ìpele kẹta. Ti àwọn sájẹ́ńtì, ìpele kejì. Lọ́rí tó ń kó àwọn ọmọ ogun tuntun, ìpele kìíní, bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tilẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ pátápátá.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìwé náà, orí tìmùtìmù ni wọ́n gbé e lé. Sọ́jà mẹ́rin ló gbé tìmùtìmù, sọ́jà méjì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i, ìwé ò gbọdọ̀ làágùn. Kápútẹ́ẹ̀nì Olúṣẹ̀yẹ, akọ̀wé Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ mọ irú ènìyàn tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó parí àwàdà. Olúṣẹ̀yẹ máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì wa," ó ní, "kí ẹ tó dé, inú òkùnkùn la wà. À ń de nọ́ọ̀tì bí ẹni pé gbogbo nọ́ọ̀tì dọ́gba. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, Sà, èmi tí ẹ ń wò yìí ti fi ọwọ́ ara mi nu gíláàsì ọkọ̀ májọ̀ rí. Ẹ foríjì mí. N kò mọ̀ nígbà náà."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì foríjì í. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó tún fìlà ṣe.

"Nígbà tí wọ́n bá ń kọ ìtàn irin nílẹ̀ aláwọ̀ dúdú," ó ní, "ọ̀nà méjì ni wọn ó pín in sí. Kí Adésànyà tó dé." Ó dákẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. "Àti ìgbà tí Adésànyà dé." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó la ẹnu, ó rí i pé òun ti gbàgbé èyí tó kàn, ó bá dákẹ́. Àwọn tó ń wò ó rò pé pàtẹ́wọ́ ló ń retí. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ni wọ́n fi pàtẹ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ ń ta wọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dáwọ́ dúró.

Sẹ̀gilọlá nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Sà, bí nọ́ọ̀tì bá tú lójú ọ̀nà ńkọ́?"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò lọ ilé ìwé. "Sájẹ́ńtì, nọ́ọ̀tì tó bá mọ ipò ara rẹ̀ kì í tú."

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Kò pé oṣù kan tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Gíá lọ́rí àwọn ọmọ ogun tuntun bàjẹ́, ìpele kìíní ni, awakọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Ìṣọ́raolúwa ló gbọ́dọ̀ tú u. Kò ní irinṣẹ́ kankan ju ọ̀bẹ tó fi ń gé búrẹ́dì lọ. Ó tú u tòun ti omijé, ó tò ó padà, irin márùn-ún ṣẹ́kù nílẹ̀. Ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó so wọ́n mọ́ dígí ọkọ̀, bóyá ọkọ̀ á bèèrè wọn. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn nìkan ni lọ́rí náà ń rìn. Bí wọ́n bá rán an níṣẹ́ lọ sí Ìwó Road, ìdí ni yóò fi ṣáájú, àwọn ọmọ ogun tuntun inú rẹ̀ á máa juwọ́ sí àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, nítorí wọ́n ti ń kọjú síra wọn pẹ́ títí, wọ́n ti di ojúlùmọ̀.

Jíìpù Kọ́nẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Omi rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ife omi kan ni. Ṣùgbọ́n ìpele kẹrin ni ife omi ọ̀hún, wọ́n sì kọ fọ́ọ̀mù lọ sí olú ilé-iṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èsì dé: irú omi wo? Kọ́nẹ́ẹ̀lì kọ̀wé padà pé omi tó bá yẹ ipò òun. Títí tí èsì yẹn á fi dé, takisí ló ń wọ̀ láti Bódìjà wá síbi iṣẹ́, òun ìkẹrin lẹ́yìn, pẹ̀lú gbogbo àmì ẹ̀yẹ láyà. Ó máa ń sọ fún àwọn tó bá fún un mọ́lẹ̀ pé òun ń yẹ ojú ọ̀nà wò fún ìjọba ni.

Ibi tó wá le jù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Ipò wo ni ká pe ọkọ̀ náà? Lónìí ó gbé ìyàwó kọ́pùrà, lọ́la ó gbé ọmọ májọ̀. Ìgbìmọ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó lé e lórí. Lọ́jọ́ kẹta ni Kápútẹ́ẹ̀nì Olúṣẹ̀yẹ dìde pẹ̀lú ẹ̀rù Ọlọ́run lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, Sà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ara yín bá ṣe bí ẹni pé kò yá lọ́jọ́ kan, ṣé kì í ṣe inú ọkọ̀ yẹn náà ni ẹ ó dùbúlẹ̀ sí?"

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ronú sí i. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí ọkọ̀ aláìsàn ṣe di ìpele kẹrin nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ìrọbí mú Ṣùkúrát, ìyàwó sọ́jà kan ní bárékè, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ aláìsàn. Ọmọ́níyì yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ò dáhùn. Ó tún yí i. Kẹ́kẹ́.

Sẹ̀gilọlá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ rárá tó fi rí i: orí bátìrì ló tú. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Ọmọ́níyì sọ. "Ìpele kẹrin ni."

"Mo mọ̀."

Kápútẹ́ẹ̀nì Olúṣẹ̀yẹ ti sáré dé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù. "Sájẹ́ńtì, ẹ ní sùúrù. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ dáadáa. Orúkọ nọ́ọ̀tì, ọjọ́ tó tú, ìdí tó fi tú. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a ó gbọ́ nǹkan."

Ṣùkúrát ké láti inú ọkọ̀. "Ẹ bá mi bi ọmọ yìí bóyá ó lè dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

Sẹ̀gilọlá padà sídìí bátìrì. Ó fa sípánà yọ láti àpò, ó yí nọ́ọ̀tì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. "Ọmọ́níyì, máa lọ." Ọkọ̀ dáhùn. Nílé ìwòsàn kan ní Ring Road, Ṣùkúrát bí obìnrin, igbe rẹ̀ le. Ìyá yọ nínú ewu, ọmọ sì yè, ẹ bá wọn yọ̀.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì ò yọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó di àga mú. "Ibi tí mo máa dùbúlẹ̀ sí," ló ń wí ṣáá. "Ó fọwọ́ kan ibi tí mo máa dùbúlẹ̀ sí."

Ó pe Sẹ̀gilọlá wọlé, ó ka ẹ̀sùn sí i létí: ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tí ipò rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Ìjìyà rẹ̀ ni kí wọ́n já ìlà apá rẹ̀, kí wọ́n lé e jáde, kí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ sì wọmi. Sẹ̀gilọlá gbọ́ ọ. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Ṣùgbọ́n aláàánú ni mí," ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì wí. "Bí o bá kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, tí o bẹ nọ́ọ̀tì náà, màá rò ó."

Sẹ̀gilọlá rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí n bẹ ẹ̀yin, Sà?"

"Èmi kọ́. Nọ́ọ̀tì. Òun lo wọ́ nílẹ̀."

Obìnrin náà wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé àdúrà ló ń gbà. Nígbà tó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ kò ga. "Sà, bí ẹ bá ní kí n kúnlẹ̀ fún yín, màá kúnlẹ̀, ọ̀gá mi ni yín. Mo sì ń kúnlẹ̀ fún Ọlọ́run. Nọ́ọ̀tì ò sí nínú wọn. N kò lè forí balẹ̀ fún irin."

"O ó sì pàdánù gbogbo ohun tí o ṣiṣẹ́ fún?"

"Ọwọ́ yín nìyẹn wà, Sà."

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fi ìgbẹ́jọ́ sí ọjọ́ tí Bìrìgédíà Olúbùsọ́lá láti olú ilé-iṣẹ́ ń bọ̀ wá yẹ ibùdó wò, kí àlejò lè rí bí òun ṣe ń tọ́ àwọn ọmọ abẹ́ òun. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú, Ṣùkúrát gbé ọmọ wá sí yàrá Sẹ̀gilọlá.

"Ìyá wa, ẹ bẹ nọ́ọ̀tì náà, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kàn ṣe é lẹ́nu."

"Ṣé bí mo bá ṣe é lẹ́nu, orúnkún mi ò ní sí níbẹ̀?" Ó gbé ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó. "Ó ti sanra. Jẹ́ kí n ka Sáàmù sí i lórí kí o tó máa lọ."

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti fi ẹfun kun òkúta ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n ti fọ igi. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: kò sí ọkọ̀ tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì lè gùn wọ pápá. Jíìpù rẹ̀ ṣì ń retí omi. Yàtọ̀ sí ọkọ̀ aláìsàn, ọkọ̀ kan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, jíìpù onírin kan tí ọta ìbọn kì í wọ̀, èyí tó ti wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ bi mí pé kí ló dé tí òun nìkan fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í gùn ún ni. Kò ní ipò, nítorí náà àwọn mẹkáníìkì ń tún un ṣe bí ó ṣe wù wọ́n.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì mu tíì oníwàrà ife mẹ́ta kí ohùn rẹ̀ lè dán, ó wọ ẹ̀yìn jíìpù náà, Ọmọ́níyì wà níwájú, irin sì dí àárín wọn. Ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ gbàà, kí wọ́n lè gbọ́ ọ dé ojú títì. Ìrìn ọgọ́rùn-ún ẹsẹ̀ bàtà péré ni wọ́n wà á. Ọmọ́níyì bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn tó tò, ó yí lọ sẹ́yìn, ó kí ọ̀gá, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Ọwọ́ ilẹ̀kùn bá a lọ. Ilẹ̀kùn ò bá wọn lọ.

Nínú ọkọ̀ lọ́hùn-ún, kò sí ọwọ́ kankan tí wọ́n fi ń ṣí ilẹ̀kùn rárá. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ pé ẹni ńlá kì í ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ kì í sì í wá sílẹ̀. Ihò ìbọn kan ló wà lára rẹ̀, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ibẹ̀ ni imú Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti yọ jáde.

"Ọmọ́níyì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, Sà."

Bí Bìrìgédíà ṣe wọlé nìyẹn. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó wọ awò ojú, kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó wo àwọn tó tò, ó wo Sẹ̀gilọlá tó dúró láìní fìlà láàárín ẹ̀ṣọ́ méjì, ó wo jíìpù.

"Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adésànyà dà?"

"Wọ́n wà nínú ọkọ̀, Mà," ni Olúṣẹ̀yẹ dáhùn.

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Wọ́n ń kí yín káàbọ̀ ni, Mà."

"Ẹ káàbọ̀, Mà," ni ihò ìbọn wí. "Ẹ má bínú pé mo jókòó."

Bìrìgédíà gba ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ́wọ́ Ọmọ́níyì, ó yí i wò. Nọ́ọ̀tì méjì ló tú lẹ́yìn rẹ̀. "Mẹkáníìkì mélòó lẹ ní?"

"Méjìlélógójì, Mà."

"Kí ọ̀kan ṣí i."

Mẹkáníìkì méjìlélógójì wo ojú ọ̀run. Wọ́n ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ fojú Sẹ̀gilọlá rí, kò sí ẹni tó mú sípánà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Olúṣẹ̀yẹ sún mọ́ Bìrìgédíà. "Mà, láti ìgbà tí ìdí Kọ́nẹ́ẹ̀lì ti kan àga inú rẹ̀ ló ti di ìpele kẹrin. Ó wà nínú ìwé." Ó sì gbé Ìwé Ìpele fún un.

Bìrìgédíà kà á lórí ìdúró. Ó kà á, ó bọ́ awò, ó nù ún, ó tún kà á. "Ta ló kọ èyí?"

"Èmi ni, Mà," ni ihò ìbọn wí, inú rẹ̀ dùn. "Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ẹ má kó Ọlọ́run sí i. Obìnrin tí kò ní fìlà yẹn, kí ló ṣe?"

Olúṣẹ̀yẹ ka ẹ̀sùn. "Ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì tí ipò rẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ó sì kọ̀ láti bẹ̀ ẹ́."

"Láti bẹ ta?"

"Nọ́ọ̀tì náà, Mà."

Bìrìgédíà lọ bá Sẹ̀gilọlá. "Ṣé o lè ṣí ilẹ̀kùn yẹn?"

"Kò tó ìṣẹ́jú méjì, Mà."

"Bí mo bá pàṣẹ fún ọ ńkọ́?"

"Màá ṣí i, Mà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti lọ, ẹjọ́ mi á di méjì."

Bìrìgédíà mi orí. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ìbọn, ó jókòó. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì, àlejò ni mí níbí, n kò ní fọwọ́ rú ètò yín. Ìpele wo ni ilẹ̀kùn yìí?"

"Ìpele kẹrin, Mà." Ìyangàn ṣì wà nínú rẹ̀.

"Ó dáa. Kápútẹ́ẹ̀nì, kọ fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, àbí? Ẹ máa gba ihò yìí fún un ní búrẹ́dì."

Oòrùn mú. Irin ń gbóná. Tíì ife mẹ́ta náà ò dúró jẹ́ẹ́. Ìdajì wákàtí kọjá.

"Mà," ni ihò ìbọn wí, "mo ti rò ó. Ó lè jẹ́ ìpele kẹta."

"Ọjọ́ mélòó ni kẹta ń gbà?"

"Ọjọ́ mẹ́jọ, Mà," ni Olúṣẹ̀yẹ dáhùn.

"A ó dúró."

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. "Mà, ilẹ̀kùn kékeré ni. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ìpele kejì ni."

"Kejì ń gba ọjọ́ méjì, Mà," ni Olúṣẹ̀yẹ tún sọ, láìmọ̀ pé ó yẹ kó ti panu mọ́.

"Olúṣẹ̀yẹ, dákẹ́," ni ihò ìbọn wí. Wọ́n gbọ́ tí ẹsẹ̀ ń tẹ irin nínú ọkọ̀, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, bí ọmọ tí kò fẹ́ sọ ohun tó ń ṣe é nínú kíláàsì. "Mà, ẹ jọ̀ọ́. Ìpele kìíní ni."

"N kò gbọ́. Ẹ sọ ọ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́."

"Ìpele kìíní. Iṣẹ́ awakọ̀ ni."

"Bó tilẹ̀ jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì ló jókòó síbẹ̀?"

"Bó tilẹ̀ jẹ́ kọ́nẹ́ẹ̀lì."

"Nọ́ọ̀tì orí bátìrì ọkọ̀ aláìsàn ńkọ́?"

Nínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irin. Gbogbo pápá tẹ́tí. Sẹ̀gilọlá di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú lẹ́yìn.

"Ìpele kìíní," ni ihò ìbọn wí. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ẹnikẹ́ni ló lè dè é."

Bìrìgédíà mi orí sí Sẹ̀gilọlá. Sẹ̀gilọlá kọjá láàárín àwọn ẹ̀ṣọ́, ó yá sípánà lọ́wọ́ awakọ̀ Bìrìgédíà, ó tú ìdérí ara ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ilẹ̀kùn padà sáyè rẹ̀, ó de nọ́ọ̀tì méjèèjì, ó fà á. Ilẹ̀kùn ṣí.

Kọ́nẹ́ẹ̀lì fò sílẹ̀, ó fẹ́ sáré. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ àwọn afọnfèrè pé bí ẹsẹ̀ òun bá kan ilẹ̀, kí wọ́n fọn orin ìkíni, kí gbogbo ènìyàn dúró gírígírí títí tí yóò fi parí. Wọ́n fọn ọ́n, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó ti fi ogún ọdún to àga kò lè rìn nígbà tí orin ìkíni ń dún, ara rẹ̀ kò gbà fún un. Ó dúró, ó gbọ́wọ́ sí orí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ẹsẹ kẹta, ẹ bi ṣòkòtò rẹ̀ léèrè.

Olúṣẹ̀yẹ yíjú sí Bìrìgédíà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"N kò tíì ṣe àwàdà kankan," ni Bìrìgédíà wí.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Adésànyà. Àwọn tó mọ̀ sọ pé sítọ́ọ̀ bàtà ni wọ́n gbé e lọ, ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, àti pé ó ti pín bàtà ibẹ̀ sí ipò, ọ̀tún ló ń kọ́kọ́ jáde. Ṣùgbọ́n ohun kan kù kó ṣe kó tó lọ.

Sẹ̀gilọlá ló rán Bìrìgédíà létí. Ó wọ ọ́fíìsì, ó gbé fáìlì rẹ̀ lé tábìlì. "Bìrìgédíà, Mà, wọ́n ti sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀sùn náà ṣì wà nínú ìwé. Ìwé ni àwọn tó ń san owó ìfẹ̀yìntì máa ń kà."

"Òótọ́ ni," ni Bìrìgédíà wí. "Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ẹ kọ ọ́."

Ṣòkòtò tí Adésànyà yá lọ́wọ́ kúùkù kò dé kókósẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ̀ba, ó kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn Sájẹ́ńtì Sẹ̀gilọlá, pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe. Ó buwọ́ lù ú, ó tì í sí i láì wo ojú rẹ̀.

Sẹ̀gilọlá ò kánjú. Ó fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń kà á, ó tún padà sí òkè. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà síwájú Kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n kọ́.

"Ẹ ṣeun, Sà," ó ní. "Ẹ kọ ọjọ́ sí i."